Péfà: Ẹ̀rọ Tó Ń Fẹ̀sọ̀ Tẹ́ Títì

Bí àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà bá ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò, rólà ni gbogbo ojú máa ń wò. Òun ló ń lọ tó ń bọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mì, òun náà ni àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀lé. Ẹni tó bá dúró wòran yóò ní rólà ló ń sọ títì di pẹrẹsẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí rólà tó gun orí ọ̀dà rárá, ọ̀rọ̀ bóyá títì yóò tẹ́jú tàbí yóò máa ju mọ́tò sókè sódò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tán. Ẹ̀rọ tó parí ọ̀rọ̀ náà ni èyí tó ń rìn pẹ̀lẹ́ níwájú rólà, tí típà ń da ọ̀dà gbígbóná sí lẹ́nu, tó sì ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yìn. Péfà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é.

Agbára ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ títì gbójú lé: búdósà ń wọ́ ilẹ̀, rólà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ti péfà yàtọ̀. Irin tó fi ń tẹ́ ọ̀dà kò fi tipátipá dúró sójú kan. Ńṣe ló léfòó lórí ọ̀dà tó ń tẹ́. Kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè dán, ohun gbogbo tó kàn án gbọ́dọ̀ máa lọ ní ìwọ̀n kan náà: ìrìn rẹ̀, ìgbóná ọ̀dà, àti iye ọ̀dà tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a bá mọ bí péfà ṣe ń ṣiṣẹ́, a ó rí i pé ìlànà iṣẹ́ gidi ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ nídìí títì.

Kí a tó pe péfà, ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú. Katapílà yóò kó ilẹ̀ tí kò dára kúrò. Wọ́n á kó yangí wá, wọ́n á bu omi sí i, rólà á tẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele. Òkúta fífọ́ ló máa ń wà lórí yangí. Gírédà, ẹ̀rọ gígùn tí abẹ rẹ̀ wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, ni yóò gé e kó lè tẹ́, tí yóò sì jẹ́ kí àárín títì ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ kí omi òjò lè ṣàn lọ sí gọ́tà. Gíga náà kò pọ̀: bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5 ni títì fi ń dà sódò ní mítà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ́n ọ̀dà ṣíṣàn sí ojú òkúta náà, kí ìpele tó ń bọ̀ lè rí nǹkan dì mọ́.

Àwọn kan rò pé kò sí àléébù ilẹ̀ tí péfà kò lè bò mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ọ̀dà tí péfà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ṣì fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ṣì wà láàárín òkúta rẹ̀. Bí ó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 6, tí rólà bá tẹ̀ ẹ́ tán, yóò kù bíi 5. Ká ní kòtò kan wà nísàlẹ̀ tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 3. Péfà yóò kọjá, ojú ọ̀dà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ọ̀dà tó wà lórí kòtò náà nípọn tó 9. Nígbà tí rólà bá dé, 6 yóò di 5, 9 yóò di 7.5. Kòtò tí a rò pé a ti dí yóò tún yọjú, yóò jìn ní ìlàjì sẹ̀ǹtímítà. Ìlàjì sẹ̀ǹtímítà kéré lójú, ṣùgbọ́n ara ẹni tó bá ń sáré lórí títì yóò mọ̀ ọ́n, omi òjò náà yóò sì mọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń tún ojú ilẹ̀ ṣe dáadáa ṣáájú, tí wọ́n sì ń tẹ́ ọ̀dà ní ìpele méjì lórí títì ńlá, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè tí táyà ń gùn. Àléébù tó bá ṣẹ́ kù lójú ti ìsàlẹ̀, ti òkè á dín in kù.

Ohun tí a ń pè ní ọ̀dà lẹ́nu lásán, tí péfà ń tẹ́ yìí, kì í ṣe ọ̀dà nìkan. Nínú 100 kílò rẹ̀, bítúmẹ̀nì tó jẹ́ ọ̀dà gidi kì í sábà ju kílò 5 tàbí 6 lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ oríṣiríṣi, yanrìn àti lẹ́búlẹ́bú òkúta ni ìyókù. Òkúta ló ń ru ẹrù mọ́tò; bítúmẹ̀nì ló ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, tó sì ń dínà mọ́ omi. Wọ́n ń rí bítúmẹ̀nì nísàlẹ̀ epo rọ̀bì, lẹ́yìn tí bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù bá ti jáde lára rẹ̀. Ó tún wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó ń sun jáde láti inú ilẹ̀, àwọn òyìnbó sì ti ń gbẹ́ kànga kiri agbègbè náà nítorí rẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú bítúmẹ̀nì tí Nàìjíríà fi ń ṣe títì wọlé.

Ní pláàǹtì tí wọ́n ti ń po ó, ìgbóná rẹ̀ máa ń tó 150°C, nígbà mìíràn ó lè kọjá 160°C. Bó bá ti bọ́ sínú típà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, bó sì ṣe ń tutù ló ń le. Tí ó bá fi lè rẹlẹ̀ dé bíi 80°C, kò sí bí rólà ṣe lè wúwo tó tí yóò tún lè fún un pọ̀ bó ṣe yẹ. Nítorí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe ń fi tapólì bo típà ọ̀dà, àní nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Ẹ wá wo ohun tí gósìlóò Èkó lè ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ títì lóru. Àwọn awakọ̀ kan tún máa ń bu dísù sínú abọ́ típà kí ọ̀dà má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Dísù ń yọ́ bítúmẹ̀nì. Ibi tí ọ̀dà tó mu dísù bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni òkúta yóò ti kọ́kọ́ máa hó kúrò lójú títì. Omi ọṣẹ, tàbí oògùn tí wọ́n dìídì ṣe fún un, ló yẹ kí wọ́n lò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo péfà fúnra rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Iwájú pátápátá ni họ́pà wà, àpótí irin ńlá tó la ẹnu sókè. Nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ ni irin róbótó méjì tó lè yí wà. Típà yóò fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, yóò dúró kó tó kàn án, awakọ̀ yóò yọ jíà. Péfà ni yóò rìn lọ bá a, tí irin róbótó yẹn yóò fara ti táyà ẹ̀yìn típà jẹ́jẹ́. Láti ìgbà náà lọ, péfà ló ń ti típà níwájú. Típà ń gbé abọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà ń ya sínú họ́pà, àwọn méjèèjì sì jọ ń rìn. Awakọ̀ típà tó bá kánjú tó fi ẹ̀yìn kọlu péfà ti fi àpá sójú títì nìyẹn, nítorí gbogbo ẹ̀rọ náà yóò mì dé ẹ̀yìn.

Lábẹ́ họ́pà, àwọn pátákó irin tí wọ́n so mọ́ ṣéènì ń wọ́ ọ̀dà gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn. Níbẹ̀ ni irin súkúrù méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ti ń yí tí wọ́n sì ń pín in káàkiri ìbú títì. Lẹ́yìn súkúrù ni síkírídì wà, irin pẹlẹbẹ tó wúwo, tí wọ́n lè fà kó fẹ̀ tàbí kí wọ́n sún kó dín. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi gáàsì tàbí iná mànàmáná mú un gbóná. Bí síkírídì bá tutù, ọ̀dà yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn, ojú títì yóò sì máa ya. Irin yìí tún ń gbọ̀n bó ṣe ń rìn, kí ọ̀dà lè sún mọ́ra díẹ̀ kí rólà tó dé.

Ibi tí ọgbọ́n péfà wà gan-an ni bí wọ́n ṣe so síkírídì náà. Tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó gbé e dúró ju ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Apá irin gígùn méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ni péfà fi ń fà á, wọ́n sì so orí àwọn apá náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ní ọ̀kánkán àárín rẹ̀, lọ́nà tí wọ́n fi lè yí sókè sódò. Ẹni tó bá ti rí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so okùn mọ́ nímú, tí ọkọ̀ mìíràn ń fà lórí ọ̀sà, yóò mọ bó ṣe ń rí: omi ló gbé e, okùn kàn ń mú un lọ ni, bí imú rẹ̀ bá sì gbé sókè, yóò fẹ́ gun orí omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni síkírídì. Bí wọ́n bá gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀, ọ̀dà púpọ̀ yóò wọ abẹ́ rẹ̀, yóò gòkè, títì yóò sì nípọn. Bí wọ́n bá rẹ imú rẹ̀ sílẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀. Èrè tó wà nínú ètò yìí ni pé ẹsẹ̀ péfà lè gun òkúta tàbí kó bọ́ sí kòtò kékeré, kó sì kọjá rẹ̀ kí síkírídì tó tètè mọ̀. Apá náà gùn débi pé ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ á ti rọlẹ̀ kó tó dé ojú ọ̀dà.

Ọgbọ́n yìí kò tíì pé 100 ọdún. Ní 1916 ni Harry Barber àti William Greene dá ilé-iṣẹ́ Barber-Greene sílẹ̀ ní Aurora, ní Illinois ní Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1930 ni ilé-iṣẹ́ náà gbé péfà tó ní síkírídì tó ń léfòó jáde. Ṣọ́bìrì àti réèkì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń tẹ́ ọ̀dà ṣáájú ìgbà náà, ojú ọ̀gá ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Lónìí, péfà tí Vögele ń ṣe ní Jámánì tàbí tí Caterpillar ń ṣe ní Amẹ́ríkà ní kọ̀ǹpútà àti sẹ́ńsọ̀ lára. Síbẹ̀, apá irin méjì àti síkírídì tó ń léfòó ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà.

Nítorí pé ọ̀dà ló gbé síkírídì, ohunkóhun tó bá yí padà lára ọ̀dà yóò hàn lójú títì. Bí ọ̀dà tó kó jọ síwájú rẹ̀ bá pọ̀ jù, yóò ti irin náà sókè. Bó bá dín, irin yóò rì. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ọ̀dà bo súkúrù dé ìdajì, kó sì wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí péfà bá ṣàdédé sáré sí i, síkírídì yóò sọ̀ kalẹ̀. Bó bá falẹ̀, yóò gòkè. Bí ọ̀dà tútù bá tẹ̀lé gbígbóná, líle rẹ̀ yóò gbé irin sókè.

Ní ẹ̀gbẹ́ síkírídì ni ọwọ́ irin kan wà tí wọ́n fi ń yí imú rẹ̀, ọmọṣẹ́ tuntun kì í sì í fẹ́ fi í sílẹ̀. Yóò ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ọ̀dà láti wọ̀n ọ́n, yóò bá 5.5 dípò 6, yóò yí ọwọ́ náà. Yóò rin mítà kan, yóò tún wọ̀n ọ́n, kò tíì tó, yóò tún yí i. Kò mọ̀ pé síkírídì kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ká ní apá tó ń fà á gùn ní mítà 3: nígbà tí péfà bá fi rin mítà 3, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta àyípadà náà ni yóò tíì hàn. Yóò rìn tó bíi mítà 15 kó tó hàn tán. Kí yíyí àkọ́kọ́ tó dáhùn tán, èkejì àti ẹ̀kẹta ti gun orí rẹ̀, títì ti wú. Ẹ̀rù á bà á, á yí i sódò, kòtò ló kàn. Ohùn fọ́máànù ni ẹ ó gbọ́ láti ẹ̀yìn: “Fi í sílẹ̀! Jẹ́ kó rìn ná!” Ẹni tó mọṣẹ́ yóò yí i lẹ́ẹ̀kan, yóò káwọ́ lẹ́yìn, yóò sì máa bá ẹ̀rọ rìn lọ.

Ọ̀tá péfà tó burú jù ni ìdúró. Bí típà kò bá tíì dé, tí péfà sì dúró dè é, síkírídì tó wúwo yóò rì díẹ̀ sínú ọ̀dà. Ọ̀dà tó wà níwájú àti lábẹ́ rẹ̀ yóò máa tutù, rólà kò sì lè rìn dé ẹ̀yìn irin náà gẹ́lẹ́ láti tẹ ibi tó ṣẹ́ kù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tún gbéra, irin yóò gun orí ọ̀dà tó ti le, ibẹ̀ yóò sì di gegele. Àwọn tó ń wa mọ́tò mọ ìró rẹ̀: gbì, ó di iwájú, gbì.

Ẹ lè ṣírò ibi tí gegele yẹn ti wá. Ojú ọ̀nà kan tó fẹ̀ ní mítà 3.65, tí wọ́n tẹ́ ọ̀dà sí tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, ń gba bíi kílò 440 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Típà tó gbé tọ́ọ̀nù 30 yóò tẹ́ bíi mítà 70. Bí gegele bá wá ń yọ sí yín ní bíi mítà 70 síra wọn, ibi tí típà kan ti parí tí wọ́n ń retí òmíràn ni. Bí péfà bá ń rin mítà 4 ní ìṣẹ́jú kan, típà kan yóò tó o fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú 17. Bí àlọ àti àbọ̀ típà sí pláàǹtì, pẹ̀lú ìkẹ́rù àti ìdàsílẹ̀, bá gba wákàtí 2, ó kéré tán típà 7 ni wọ́n nílò kí péfà má baà dúró. Ẹni tí kò ní ju típà 4 lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí péfà máa rìn ní bíi mítà 2 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ohun tí a sábà ń rí ni pé péfà á sáré lo ọ̀dà tó bá, á dúró gedegbe, á tún sáré. Àpapọ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà lè má yàtọ̀ rárá, títì ni yóò yàtọ̀.

Lẹ́yìn péfà ni iṣẹ́ rólà kàn, kò sì gbọdọ̀ jìnnà. Rólà onírin tó ń gbọ̀n ló ń kọ́kọ́ wọlé nígbà tí ọ̀dà ṣì gbóná dáadáa. Rólà onítáyà á tẹ̀lé e láti fún òkúta pọ̀ wọnú ara wọn. Onírin mìíràn tí kò gbọ̀n á wá pa ojú àmì rẹ́. Wọ́n ń wọ́n omi sí irin rólà kí ọ̀dà má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, rólà kò sì gbọdọ̀ dúró sójú kan lórí ọ̀dà gbígbóná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọ̀dà le kí omi má sì rí àyè wọ inú rẹ̀. Títẹ́jú ti tọwọ́ péfà wá.

Lórí títì ńlá, ohun tó tún ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ojú ìpàdé. Ẹ wo títì Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe ní 2013, tí ilé-iṣẹ́ Julius Berger mú láti Èkó dé Ṣágámù, tí ilé-iṣẹ́ RCC sì mú láti Ṣágámù dé Ìbàdàn. Kò sí ẹni tó lè ti irú títì bẹ́ẹ̀ pa, nítorí náà apá kan ni wọ́n ń tẹ́ tí mọ́tò á máa gba apá kejì. Nígbà tí wọ́n bá padà wá tẹ́ apá kejì, ti àkọ́kọ́ ti tutù. Etí ọ̀dà tútù yẹn kì í le tó àárín, nítorí kò sí ohun tó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí rólà ń tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni omi ti ń wọlé, ibẹ̀ ni títì sì sábà ti ń kọ́kọ́ là. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n á gé etí náà kúrò, á fi bítúmẹ̀nì kun ojú rẹ̀, á sì jẹ́ kí ọ̀dà tuntun gun orí rẹ̀ díẹ̀. Ibi tí àyè bá wà, wọ́n á jẹ́ kí péfà méjì jọ máa rìn, ọ̀kan síwájú díẹ̀, kí gbígbóná lè bá gbígbóná pàdé.

Péfà kónkéré náà wà, pàápàá lásìkò yìí tí ìjọba àpapọ̀ yan kónkéré fún títì etíkun láti Èkó dé Calabar, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2024. Ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe títì ní 1949. Móòdù rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó ń gbé e rìn: wọ́n á da kónkéré tó le díẹ̀ síwájú rẹ̀, àwọn irin inú rẹ̀ á gbọ̀n ọ́n kó lè rọ̀, móòdù á gé e sí ìwọ̀n, kónkéré á sì jáde lẹ́yìn, á dúró láìsí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò léfòó lórí ohunkóhun. Síbẹ̀, bí kónkéré kan bá ṣàn ju èkejì lọ, tàbí bí ẹ̀rọ bá ń dúró tó ń lọ, etí rẹ̀ á wó, ojú rẹ̀ á sì rí gegele.

Ẹgbẹ́ onílé tí wọ́n bá ń ṣe títì dé àdúgbò wọn kò nílò ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà láti mọ bóyá iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Kí wọ́n wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ń fi ṣọ́bìrì fọ́n ọ̀dà sí ojú èyí tí péfà ti tẹ́ tán. Òkúta ńlá inú rẹ̀ ni yóò jókòó sókè, tí táyà yóò sì hú kúrò. Kí wọ́n wò ó bóyá rólà ń tẹ̀lé péfà pẹ́kípẹ́kí tàbí àwọn tó ń wà á jókòó sábẹ́ igi. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n wo aago nígbà tí péfà bá dúró. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ìbéèrè méjì ló tọ́ láti bi agbaṣẹ́ṣe: báwo ni pláàǹtì yín ṣe jìnnà tó, típà mélòó lẹ sì ní? Bí ìdáhùn méjèèjì kò bá bára mu, bó ti wù kí péfà náà jẹ́ tuntun tó, gegele ni wọn yóò máa gùn.